Bàtà Ọdún Kan

Reino Piirainen kì í ra ọjà pọ́ọ́kú. Kì í ṣe pé owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igi gẹdú ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gé fún àwọn onílé iṣẹ́ pákó, owó ìfẹ̀yìntì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Tó bá ti san owó iná, tó ra oògùn, tó ra epo sọ́kọ̀, ohun tó kù kò ju èyí tí wọ́n á fi ra kọfí àti oúnjẹ ajá lọ. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá fi ohun tí owó rẹ̀ rọjú hàn án, á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn, á dá a padà, á ní, "Èyí wọ́n jù fún mi." Àwa ará abúlé ti mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ohun tí kò bá ní í bá a dé ibi tó ń lọ, bí wọ́n tiẹ̀ fi ta á lọ́rẹ, kò ní í gbà á.

Lórí bàtà ló ti máa ń le jù. Nígbà tó ṣì wà ní géńdé nínú igbó gẹdú, òun àti ọkùnrin kan jọ ń sùn nínú ahéré kan náà. Omi wọ inú bàtà ọkùnrin yẹn lówùúrọ̀, kò sì bọ́ ọ títí iṣẹ́ fi parí. Òtútù jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dà nù. Reino wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bọ́ bàtà náà, láti ìgbà yẹn ni kò ti fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣeré mọ́.

Bàtà ọdẹ tirẹ̀ jẹ́ rọ́bà aláwọ̀ ewé, ó ga dé abẹ́ orúnkún, ó sì ní ìtẹ́nú onírun tó nípọn, tó ṣeé fà yọ. Ọdún tí Kaarina, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Irja ìyàwó rẹ̀ bí, jáde nílé ìwé ni wọ́n rà á. Ó ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹṣin. Tó bá ti igbó dé, á fa ìtẹ́nú yọ, á fi kọ́ sórí okùn, kì í gbé e sún mọ́ iná rárá, torí ó ní iná ló ń ba rọ́bà jẹ́, kì í ṣe omi. Kaarina ti lọ sí ìlú ńlá Tampere, ó ti lọ́kọ, ó ti kọ ọkọ sílẹ̀, bàtà náà ṣì ń bẹ. Ọdún tí mò ń sọ yìí ló sán lọ́rùn ẹsẹ̀ méjèèjì, bí ìgbà tí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn bá sán, kò sì sóhun tí wọ́n lè fi lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Oṣù tí igi ń wọ́wé ni ó sán, ìyẹn ìgbà tí ọdẹ hirvi kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Hirvi ni ẹran tó dà bí àgbọ̀nrín, àmọ́ tó ga ju ẹṣin lọ. Ẹran kan tó láti bọ́ ilé mélòó kan títí yìnyín á fi yọ́. Ẹgbẹ́ ọdẹ abúlé ló ń pa á, ẹni tó bá bá wọn jáde ló sì ń pín nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Reino ti tó ẹni ń gbé ìbọn, kò tíì sí ọdún kan tí kò bá wọn jáde.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti ń rù. Irja ṣáà ń pariwo lé e lórí títí ó fi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Oulu. Ó ní kí Irja dúró ti ajá, pé àyẹ̀wò lásán ni. Nígbà tó padà dé, ó sọ fún un pé ọgbẹ́ inú ni wọ́n pè é, wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù. Irja sì dín iyọ̀ kù. Ọbẹ̀ ẹja tí kò ní iyọ̀, ọ̀dùnkún tí kò ní iyọ̀, Reino ń jẹ ẹ́ láìráhùn. Èyí yà Irja lẹ́nu, torí ọkọ rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ.

Ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì wọlé, àwọn méjèèjì wakọ̀ lọ sí ìlú láti lọ ra bàtà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Noora ló ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ọdẹ. Òun fúnra rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sígbó, kì í ṣe ẹni tó ń ta ohun tí kò mọ̀. Ó bi Reino bóyá ó máa ń bá ajá rìn ni, àbí ó máa ń dúró sí ibùba.

Reino dá a lóhùn pé, "Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rìn. Lọ́dún yìí, màá dúró."

Irja gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

Noora ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹ máa dúró, bàtà fẹ́lẹ́ ò lè ṣe é o, bàbá. Ẹni tó ń rìn, ara rẹ̀ ló ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná. Ẹni tó dúró sójú kan, bàtà nìkan ló ní."

Ó kọ́kọ́ gbé bàtà aláwọ kan wá, èyí tó fúyẹ́, tí omi ò lè wọ̀, àmọ́ tí òógùn lè jáde. Reino wo iye tí wọ́n kọ sí i, ó ní kó rọra gbé e padà kí òun má baà fọwọ́ kàn án bà jẹ́. Noora rẹ́rìn-ín. Ó gbé èkejì wá. Èyí jẹ́ rọ́bà tí kò ní ojú ìrán kankan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ní ìtẹ́nú onírun tó ṣeé fà yọ, ó dà bí àbúrò èyí tó sán nílé gan-an. Kò pọ́ọ́kú, àmọ́ kò kọjá agbára ẹni tó bá ṣọ́ owó ná díẹ̀. Reino jókòó, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tó mú láti ilé, ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó ki ìka kan bọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ láti wò ó bóyá àyè wà, ó mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú rẹ̀, ó dìde, ó rìn lọ sí ojú fèrèsé. Ó dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ń wo ìta. Irja ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ṣòkòtò rẹ̀ ṣe ń so rọ̀ nídìí, bí ìgbà tí wọ́n sá aṣọ sórí igi.

Ó padà wá jókòó, ó bọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló wá nawọ́ sí apẹ̀rẹ̀ kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n kó àwọn bàtà pọ́ọ́kú sí. Ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ rọ́bà, òkè wọn jẹ́ aṣọ, òwú ni wọ́n fi rán méjèèjì pọ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀.

Ó ní, "Èyí ńkọ́?"

Noora sọ òótọ́ fún un. Ó fi ojú ìrán hàn án, ó ní ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé, pé wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé omi ò lè wọ̀ ọ́, àmọ́ òun ò ní í fi tìtorí ìyẹn wọ̀ ọ́ lọ síbi tí àbàtà wà.

Reino ní, "Ṣé á lè dé Kérésìmesì?"

"Ó lè dé Kérésìmesì, tẹ́ ẹ bá rọra lò ó. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

"Kò burú. Tọdún yìí nìkan ni mò ń wá."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nù un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fi ọwọ́ wá owó nínú àpò bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Irja sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́yìn òun tí atẹ́gùn fẹ́ wọlé. Ó ti bá ọkùnrin yìí gbé láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge, kò rí i kó ra ohun ọdún kan rí. Nígbà tí wọ́n san owó tán tí wọ́n jáde, ó mọ̀. Kò mọ orúkọ àìsàn náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀.

Wọ́n yà ní ilé epo kan tó tún ń ta kọfí, bí ìṣe wọn. Irja ra dónọ́ọ̀tì méjì, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn.

Ó ní, "Reino, kí ni wọ́n sọ fún ọ ní Oulu?"

Reino ń wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lọ lójú títì. Ó wá sọ ọ́. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ẹ̀yìn ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Wọn ò ní í ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á kàn máa fún un ní oògùn ìrora.

"Mo bi dókítà bóyá màá rí ìgbà ọdẹ tó ń bọ̀. Ó ní ṣé mo ní ẹni tó wà pẹ̀lú mi nílé. Mo mọ̀ pé ìdáhùn nìyẹn."

Irja ti dónọ́ọ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Iyọ̀ ńkọ́?"

"Iyọ̀ wo?"

"Iyọ̀ tí o ní kí n dín kù."

"Mi ò rí nǹkan míì sọ."

Irja ò sunkún níbẹ̀, kò sì sunkún nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé ìkòkò kaná, ó da iyọ̀ sínú ọbẹ̀ débi pé ẹnu ò ṣeé fi kàn án, ó bù ú fún Reino, ó dúró tì í. Reino jẹ tirẹ̀ tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo.

Bàtà yẹn ni wọ́n wá ń bá ara wọn jà lé lórí ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe àìsàn. Àìsàn ò ṣeé bá jà. Irja ní kó lọ dá a padà, kó lọ ra gidi. Reino ní owó gidi náà, igi ìdáná ni fún Irja lọ́dún tó ń bọ̀, pé ẹsẹ̀ òun tóbi, kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ lẹ́yìn òun, ṣé kí rọ́bà tuntun wá máa jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni? Irja ní òtútù á mú un. Reino ní òtútù kì í mú òkú. Irja ní kò tíì kú. Ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni Reino bẹ̀ ẹ́, pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí ọdẹ á fi parí, kí wọ́n má baà máa wo òun bí ẹni ń wo òkú. Irja gbà, àmọ́ kò dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́, gbogbo wa pé jọ sí ahéré ọdẹ. Osmo Heikura ni olórí wa. Òun àti Reino ni wọ́n jọ kàwé nígbà tí ilé ìwé ṣì wà lábúlé yìí, kò sì sí ohun tí ẹnu Osmo ò lè sọ sí i. Bí a ṣe ń mu kọfí, ojú Osmo lọ sílẹ̀.

Ó ní, "Reino, ta ló kú tó fi bàtà yìí jogún fún ọ?"

Gbogbo ahéré rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Reino ní, "Kò tíì kú. Ó ní kí n bá òun wọ̀ ọ́ wò ná."

A tún rẹ́rìn-ín. A pín ibùba. Osmo fún Reino ní ibi tó dára jù, etí àbàtà Mustasuo, níbi tí hirvi sábà máa ń gbà kọjá. Òjò tó dà pọ̀ mọ́ yìnyín ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé ibùba, irú èyí tí kì í dà gììrì, tí kì í sì í dá. Ibùba tèmi kò jìnnà sí tirẹ̀, mò ń rí fìlà pupa rẹ̀ láàárín àwọn igi páìnì. Ó dúró, kò mira. Mo rò pé sùúrù àgbà ọdẹ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà. Omi ti ojú ìrán wọlé kí oòrùn tó kàn tán. Ó kọ́kọ́ dùn ún, lẹ́yìn náà kò dùn ún mọ́, ó sì mọ̀ pé ìgbà tí kò bá dunni mọ́ ló burú. Kò pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tó ṣe, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó lókè ọ̀hún, igbó wá ń ró, akọ hirvi kan jáde sí etí àbàtà, ó dúró, ó ń gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi náà rí i, àmọ́ tèmi kọ́. Ti Reino ni. Ó gbé ìbọn sókè, ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú kó lè dúró dáadáa, ẹsẹ̀ náà ò jẹ́ ẹ. Ó wó lulẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ìbọn ò yìn. Hirvi yí orí padà, ó sì wọ igbó lọ.

Osmo pè é lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wa, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. 

"Ó ti lọ," ni Reino wí.

Èmi àti Osmo la lọ bá a. Ó jókòó sílẹ̀ nínú omi, ìbọn lórí itan rẹ̀, kò lè dìde. A gbé e dé ahéré, kò sì wúwo. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nìyẹn. Osmo ní kí àwọn yòókù dúró síta, ó bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi dà jáde nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun bí àbẹ́là. Osmo ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè láti wo ibi tó funfun dé, ó rí egungun ojúgun, ó rí i pé kò sí ẹran lára rẹ̀ mọ́, ó wá gbójú sókè wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ìgbà yẹn ló tó wò ó dáadáa láti àárọ̀.

Ó bi í pé kí ló ń ṣe é. Reino sọ fún un ní gbólóhùn kan.

 Osmo ṣí ẹ̀wù rẹ̀, ó fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ Reino méjèèjì lé ikùn ara rẹ̀, ó wá fi ẹ̀wù bò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, tó ń gbọ̀n nítorí òtútù ẹsẹ̀ ẹlòmíì, títí àwọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí i lẹ́sẹ̀. Bí ó ti ń padà ló ń ta á, Reino ń fi eyín jẹ ètè.

Osmo ní, "O jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òkú bá ọ ṣàwàdà láàárọ̀."

Reino ní, "Ó pa mí lẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ Ajé, Irja wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú. Ó ti ń tọ́jú owó kan láti ara èso igbó tó ń ká tà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fèrèsé iyàrá wọn ti jẹrà, owó rẹ̀ nìyẹn. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ Reino dání, ó ní kí Noora gbé bàtà rọ́bà èkejì yẹn wá.  Noora wo ojú rẹ̀, ó ní bó bá jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ méjì ló máa wọ̀ báyìí, kó mú èyí tó fi ìwọ̀n kan jù ú lọ, torí bàtà tó bá há mọ́ni kì í gbóná, ìtẹ́nú rẹ̀ ì báà nípọn tó ìgbọ̀nwọ́.

Nígbà tí Reino rí i nílé, ó bínú. Ó gbé ohùn sókè, ohun tí Irja ní òun ò gbọ́ rí láti ìgbà tí Kaarina wà ní kékeré. Ó ní owó fèrèsé nìyẹn, pé ṣé kí yìnyín wá máa fẹ́ lu Irja nìkan lórí ibùsùn lọ́dún tó ń bọ̀ ló fẹ́ ni? Ó ní kó lọ dá a padà lọ́la.

Irja gbé bàtà náà síwájú rẹ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa wọ̀ ọ́, fi ẹsẹ̀ gbígbẹ wọ̀ ọ́. Fèrèsé, èmi ni mo ni í."

Reino jókòó lórí àga ilé ìdáná. Ó tẹ̀ síwájú láti wọ̀ ọ́. Kò lè fa ti ẹsẹ̀ kejì dókè. Irja kúnlẹ̀, ó bá a fà á. Reino ò bọ́ ọ. Inú rẹ̀ ló wà títí oúnjẹ fi jinná, inú rẹ̀ náà ló ti jẹun.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló tún bá wa jáde. Osmo fún un ní ibùba lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí ọkọ̀ lè dé. Irja ló ń wà á lọ, òun ló ń bá a gbé àga, ó sì ń dúró tì í, torí kò lè dá ìbọn àti àga gbé. Kò sí hirvi kankan tó gba ibẹ̀ kọjá. Osmo mọ̀ pé kì í gba ibẹ̀, Reino náà sì mọ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ní ibùba, bí òfin ọdẹ ṣe rí. Irja ní ìgbà kan ṣoṣo ni òun tẹ̀ sí etí rẹ̀, tí òun ní, "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ gbóná?" Ó ní, "Ó gbóná." Ó sì tún tẹjú mọ́ igbó.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò lè jáde mọ́. Osmo gbé ìpín ẹran Reino wá sílé, odidi ìpín, ó sì ṣe é bí ẹni pé wọn ò lè ṣe é lọ́nà míì. Reino ò lè jẹ ẹran mọ́ nígbà yẹn, omi ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni Irja ń fi ṣíbí fún un. Kaarina dé láti Tampere, ó lọ, ó tún padà dé. Oṣù kejì ọdún ni Reino kú, ní ilé ìwòsàn ìlú. Ilẹ̀ ti dì bí òkúta, iná ni wọ́n kọ́kọ́ dá sórí ilẹ̀ itẹ́ òkú kí ó lè rọ̀, kí àwọn agbẹ́lẹ̀ tó lè fi irin wọ inú rẹ̀.

Kaarina ní kí ìyá òun bá òun lọ sí ìlú ńlá. Irja ní kó jẹ́ kí ajá kú ná. Ó kó aṣọ Reino lọ sí ilé ìtajà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, bàtà rọ́bà náà wà nínú rẹ̀. Nígbà tó tún gba ibẹ̀ kọjá, ó rí iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, owó tí kò tó ti búrẹ́dì méjì. Ó ní ó wu òun kí òun rà á padà. Ó wọlé, ó fọwọ́ kàn án, ó tún jáde.

Èmi àti Osmo ni a jọ tún fèrèsé yẹn ṣe nígbà tí yìnyín yọ́. A mu kọfí lẹ́yìn iṣẹ́. Mo sọ fún Irja, bí èèyàn ṣe máa ń sọ, pé ó ṣe ìyàwó dé ojú àmì, pé ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe ló ṣe. Ó gbọn orí.

Ó ní, "Kì í ṣe ikú rẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ó ti Oulu dé, ó ń jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn láràárọ̀, ó ń mu kọfí. Ó mọ̀, èmi ò mọ̀. Mò ń sọ fún un pé ká lọ wọn fèrèsé, mò ń sọ fún un pé ẹyin adìyẹ ti wọ́n. Ó ń dá mi lóhùn."

Osmo wo inú ife rẹ̀. Irja dìde, ó lọ bọ́ ajá.